Ọjọ́ Tí Òbúkọ Jẹ Ìlà Góòlù

Ẹni tó bá sọ fún yín pé iṣẹ́ rẹfirí dùn, ẹ bi í bóyá ó ti fọn fèrè ní Daagbé rí. Èmi ti fọn ọ́n. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe é, pẹ̀lú bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń lanu, lórí pápá tó ga lápá kan tó sì rẹlẹ̀ lápá kejì. Àwọn tó bu omi tútù fún mi mu kí eré tó bẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n máa ń pè mí ní olè kí oòrùn tó wọ̀. Ọ̀kan tiẹ̀ sọ lójú mi pé, ká ní àgbàdo ni ìyá mi bí, à bá rí nǹkan sun jẹ. Inú máa ń bí mi burúkú nígbà náà. Lónìí, ẹ̀rín ni mo fi ń rántí rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé inú ò lè bí mi mọ́. Ó ṣì ń bí mi dáadáa.

Mẹkáníìkì alùpùpù ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní oríta Ìfọ̀nyìn, ìlú tí ìwé ìjọba elédè Faransé ń pè ní Ifangni, níbi tí àwọn ọlọ́kadà tí à ń pè ní zẹ́mì ti máa ń dúró de èrò tó ń ti ẹnubodè Nàìjíríà bọ̀. Bí mo ṣe di rẹfirí kò ju báyìí lọ: lọ́dọọdún, nígbà ìsinmi ilé ìwé, tí wọ́n bá ti ká àgbàdo tán, ìlú méjì tó wà nítòsí wa, Lagbé àti Daagbé, a máa gbá bọ́ọ̀lù. Òbúkọ kan ni ẹ̀bùn. Ẹni tó bá borí ló máa sè é jẹ. Òbúkọ lásán o! Bí ẹ bá rí ìjà tí wọ́n ń jà nítorí rẹ̀, ẹ ó rò pé ilẹ̀ bàbá wọn ni wọ́n ń pín. Nítorí náà, rẹfirí gbọ́dọ̀ wá láti ibòmíràn, kó má jẹ́ ọmọ Lagbé, kó má jẹ́ ọmọ Daagbé. Wọ́n ní èmi ni mo ní ohùn, èmi ni mo sì ní ìbínú. Wọ́n gbé fèrè lé mi lọ́wọ́.

Ohun tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ kì í ṣe ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń gbá ara wọn ní ojúgun. Ìyẹn, wọ́n á dìde, wọ́n á gbọn eruku nù, ó tán. Ìlà ni wàhálà. Ìlà tó wà láàárín òpó méjì. Bọ́ọ̀lù kọjá ni, àbí kò kọjá? Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo bọ́ọ̀lù àwọn òyìnbó nílé fídíò á máa pariwo, “VAR! VAR! Ẹ lọ wo VAR!” Níbo ni mo ti fẹ́ rí VAR, fídíò tí rẹfirí òyìnbó fi ń tún góòlù wò, ní Daagbé? Ojú èèyàn ni VAR wa, ojú náà sì ní ìlú tó ti wá. Ohun tí ojú ará Lagbé bá rí, ojú ará Daagbé kì í rí i. A kì í tiẹ̀ lo àwọn tó ń gbé àsíá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá mọ́, torí ta ni yóò gbà wọ́n gbọ́? Èmi nìkan ni, èmi àti fèrè mi.

Ọdún kẹta ni ọ̀rọ̀ wá lọ́jú pọ̀. Mo ti rí ìyàwó, Daagbé ni mo sì ti rí i. Aránṣọ ni. Ó gbé irin ẹsẹ̀ máṣíìnì rẹ̀ tó ṣẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n bá òun jó o pọ̀. Mo ní iṣẹ́ mi kọ́ nìyẹn, alùpùpù ni mò ń tún ṣe. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, “Tí kì í bá ṣe iṣẹ́ yín, kí ló dé tí ẹ ti ń tú u?” Lóòótọ́, mo ti ń tú u. Ọwọ́ mi ti dé ibẹ̀ kí ẹnu mi tó kọ̀. Láti ọjọ́ náà ni irin máṣíìnì yẹn ti ń ṣẹ́ lóṣooṣù, a sì jọ mọ̀ pé kì í ṣe irin nìkan ló ń gbé e wá.

Àwọn òbí wa ti pàdé, wọ́n ti fi ìdána sí ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé ọjọ́ ìdíje. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló sì ń ṣọ́lé fún Daagbé, ọkùnrin gìrìpà kan tó jẹ́ pé tó bá dúró láàárín òpó, òpó náà á dà bí ẹni pé ó súnmọ́ra. Mo rò ó, mo rí i pé kò dáa kí n fọn fèrè lọ́dún yẹn. Mo lọ bá bàbá ọmọ náà láti sọ fún un pé mo fẹ́ yọwọ́.

Àgbẹ̀ ọlọ́pẹ ni bàbá náà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ń fi àdá ṣá ìdì ẹyìn kan nígbà tí mo dé, kò sì dáwọ́ dúró.

“Ìwọ ni wàá fọn fèrè lọ́jọ́ Àìkú?”

“Èmi ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn.”

“Má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ wò ọ́.” Ó wá gbé àdá sílẹ̀. “Tí o bá gbè wá nítorí ìyàwó, mi ò ní fún ọ lọ́mọ. Tí o bá sì rẹ́ wa jẹ torí pé ò ń bẹ̀rù ẹnu ayé, mi ò ní fún ọ lọ́mọ. Ohun tí ojú rẹ bá rí ni kí ẹnu rẹ sọ. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí mo bí nìyẹn. Mi ò fẹ́ fà á lé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń yí lọ́wọ́.”

Mo ní, “Mo gbọ́, Bàbá.” Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, mo ní, “Bàbá rẹ fẹ́ pa mí.” Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ níka. Ó ní bàbá òun kì í pa èèyàn, pé wíwò ló máa ń wò wọ́n. Mo sọ fún un pé wíwò yẹn gan-an ló burú jù.

Ó wá di ọjọ́ Àìkú. Òjò rọ̀ láàárọ̀, ó rọ̀ dáadáa. Eérú ààrò gààrì la fi máa ń fa ìlà pápá ní ọ̀dọ̀ wa. Ilé tí wọ́n ti ń yan gààrì kì í wọ́n, ẹ kàn máa bu eérú sínú garawa ni, ẹ ó fà á lọ gbọọrọ. Ṣùgbọ́n òjò ti kó sí gbogbo eérú tó wà nítòsí pápá, ó ti di ẹrẹ̀. Mo ní kí n lọ wo ààrò ìyá ìyàwó mi, torí pé ó ní àtíbàbà tó dáa.

Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní eérú díẹ̀ tí màá fi fa ìlà.”

Ó ká ọwọ́ lérí. “Eérú kẹ̀? Eérú ni ọkọ ọmọ mi yóò fi fa ìlà, kí àwọn ará Lagbé máa sọ pé a ò ní nǹkan? Ká má rí i!” Ó wọ inú ilé, ó sì gbé agbada láfún kan jáde. Òjò ló bá a níbi tí ó sá a sí, ó ti ń kan, kò ṣe é rò mọ́. Ṣùgbọ́n ó funfun! “Gbà. Fi èyí fà á. Kí wọ́n rí i láti Lagbé.”

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi. Mo fẹ́ sọ pé, Màmá, adìyẹ ń bẹ, ewúrẹ́ ń bẹ, oúnjẹ ni láfún. Ṣùgbọ́n ta ni mí? Ẹni tó ń fẹ́ ìyàwó kò lẹ́nu lọ́dọ̀ àna. Ibi tí o bá ti rí wọn ni wàá ti dọ̀bálẹ̀, ì báà ṣe lójú títì, ì báà ṣe nínú ẹrẹ̀, kódà àbúrò ìyàwó tó ń fọn ikun nímú, ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Bí àna rẹ bá ní kí o fi oyin fa ìlà, wàá fà á, wàá sì máa lé eèrà. Mo tún dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́, mo gbé agbada.

Kí n má purọ́, ìlà náà rẹwà. Láti ìgbà tí mo ti mọ Daagbé, mi ò rí irú ìlà bẹ́ẹ̀ rí. Ó tàn lórí ilẹ̀ pupa bí eyín tuntun. Àwọn ará Lagbé dé lórí alùpùpù, mẹ́ta mẹ́ta lórí ọ̀kan, wọ́n sì ń fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. Ìyá ìyàwó mi jókòó sórí àga pẹ̀lú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń sọ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í pé láfún òun ni. Bàbá jókòó ní tirẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ó ká apá jọ, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Wọ́n so òbúkọ ẹ̀bùn mọ́ èèkàn kan lẹ́yìn òpó tí Daagbé yóò ṣọ́ ní ìdajì kejì, kí gbogbo ayé lè máa wò ó.

Mo fọn fèrè, eré bẹ̀rẹ̀. Ìdajì àkọ́kọ́ parí láìsí góòlù. Mo lé adìyẹ méjì kúrò lórí ìlà nígbà ìsinmi, mo rò pé wàhálà mi tán nìyẹn. Ìdajì kejì náà ń lọ, bọ́ọ̀lù wà ní apá Lagbé fún ìgbà pípẹ́, gbogbo wa dojú kọ ibẹ̀. Lẹ́yìn wa, òbúkọ fa okùn rẹ̀ títí èèkàn fi yọ nínú ilẹ̀ tí òjò ti rọ̀. Kò sá lọ. Kí ló ń sá lọ fún? Ó rìn jẹ́jẹ́ lọ sí ẹsẹ̀ òpó apá òsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá ìlà. Ó lá a bí ẹni tí wọ́n pè síbi àsè. Ìgbà tí ẹnì kan fi pariwo, “Yéè, òbúkọ ń jẹ góòlù o!”, láti òpó òsì títí dé nǹkan bí àárín ti mọ́ féfé, kò ku nǹkan kan bí kò ṣe ilẹ̀ tútù.

Aṣọ́lé Daagbé kò lè lé e, torí pé bọ́ọ̀lù ti ń bọ̀. Afẹ́sọ́nà mi, tó dúró nítòsí òpó pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló tú gèlè rẹ̀, tó sì fi ń lé òbúkọ. Ó ń sáré, ó ń rẹ́rìn-ín, gèlè ń fẹ́ lọ fẹ́ bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí mo ní láti jẹ́wọ́ la dé yìí. Agbábọ́ọ̀lù iwájú Lagbé gba bọ́ọ̀lù lọ́nà jíjìn. Ọlọ́kadà ni, oníbàárà mi ni, ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a pààrọ̀ ṣéènì. Ó gbá a, ó gbá a gan-an. Ojú mi ò sí níbẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń lé òbúkọ ni mò ń wò. Ẹ bínú, ẹ má bínú, òun ni mò ń wò. Mo gbọ́ “gbàm!” lára igi tó dábùú òkè, mo yíjú padà, aṣọ́lé ti dojú bolẹ̀, bọ́ọ̀lù wà lábẹ́ àyà rẹ̀, ní ibi tí ìlà ti wà rí kí òbúkọ tó dé.

“But! But! Y a but!” ni àwọn ará Lagbé ń fi Faransé pariwo pé góòlù ti wọlé.

“Góòlù ìyá ta ni? Kò wọlé!” ni ti Daagbé.

Agbábọ́ọ̀lù Lagbé sáré dé ọ̀dọ̀ mi. “Monsieur l’arbitre, ọ̀gá rẹfirí, ó wọlé! Ó bọ́ sẹ́yìn ìlà ketekete!”

Aṣọ́lé dìde. “Ẹ̀yìn ìlà èwo? Ìlà dà? Fi ìlà hàn mí!”

“Ìlà wà níkùn òbúkọ! Ẹ pa á, ká wò ó!” ni ẹnì kan wí láàárín èrò. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan ò rẹ́rìn-ín rárá. Àwọn ọ̀dọ́ ti tún gbé tiwọn dé, “VAR! VAR!” Fèrè ṣì wà lẹ́nu mi. Mo wo abẹ́ igi máńgòrò. Bàbá kò wo bọ́ọ̀lù, kò wo òbúkọ. Ẹnu mi ló ń wò. Mo rò ó pé, tí mo bá ní ó wọlé, irọ́ ni. Tí mo bá ní kò wọlé, irọ́ ni. Tí mo bá sì sọ òtítọ́, rẹfirí wo ló ń sọ irú ẹ̀ lójú èrò?

Ibẹ̀ ni ìyá ìyàwó mi ti dìde lórí àga. Ó so ìró rẹ̀ le, ó wọ inú pápá, ó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì gbé e sí imú.

“Láfún mi nìyí,” ó ní. “Mo mọ òórùn rẹ̀. Ẹ wò ó, ó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Bọ́ọ̀lù fara kan ìlà nìyẹn. Ẹni tó fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà mi, ṣé ó ti wọlé mi ni?”

Àwọn ará Daagbé pàtẹ́wọ́. Agbábọ́ọ̀lù Lagbé tẹrí ba fún un, torí pé ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, ó ní, “Màmá, ẹ má bínú. Ẹni tó ti wọlé tán, ṣebí òun náà fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà kó tó wọlé? Ẹ tún wo ọwọ́ ọmọ yín. Ó ti yí nínú láfún látòkè délẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi kùn ún.” Lóòótọ́, ọwọ́ aṣọ́lé funfun bí ọwọ́ ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì. Àwọn ará Lagbé náà pàtẹ́wọ́.

Màmá kọ ẹ̀yìn sí i. Ó gbé bọ́ọ̀lù, ó kọjú sí mi, ó rìn wá títí tó fi dúró níwájú mi. Ó ní, “Ọkọ ọmọ mi.”

Ọlọ́run ló mọ̀ pé mi ò ro nǹkan kan. Orí mi ò dá sí i. Àna mi dúró níwájú mi, ó pè mí, ara mi sì ṣe ohun tó ti ń ṣe láti oṣù mẹ́fà: mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín pápá. Àyà mi lu ẹrẹ̀, èémí jáde lẹ́nu mi, fèrè sì wà lẹ́nu náà. Ó dún! Ó dún gbọọrọ, irú èyí tí wọ́n fi ń pa ẹjọ́ tì.

“Rẹfirí ti dọ̀bálẹ̀! Ó ti gbà! Kò wọlé!” Daagbé ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Màmá ń fi àga lu ilẹ̀.

“Ó ti tà wá! Ó fi góòlù wa fẹ́ ìyàwó!” ni ti Lagbé.

Mo dìde, ẹrẹ̀ kún irùngbọ̀n mi. Mo ń pariwo pé ẹ dúró, mi ò tíì sọ nǹkan kan, kíkí ni mo kí wọn. Ta ló ń gbọ́? Òjò tún dé, ó sì tú gbogbo wa ká. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin láti Lagbé àti mẹ́rin láti Daagbé jọ di okùn òbúkọ mú, wọ́n ń fà á lọ fà á bọ̀ nínú òjò. Bàbá ló wá gba okùn náà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ó ní òbúkọ yóò wà lọ́dọ̀ òun di ọjọ́ Sátidé. Ó wò mí. “Ìwọ náà, wá lọ́jọ́ Sátidé. Ìbéèrè kan ni mo ní.” Ó sì fa òbúkọ lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ má bi mí. Ojú ọ̀nà Lagbé ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ti ń wá. Wọ́n ń wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n á gbé ọ̀kadà dúró, wọ́n á ní, “Ọ̀gá, táyà mi ti jò. Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún un, bóyá á gbọ́.” Àwọn zẹ́mì tó wà ní oríta, tí mo bá ti kọjá, ọ̀kan á fi ẹnu fọn fèrè, èkejì á sì ṣubú lulẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀, mo ju sípánà mọ́lẹ̀, mo bú gbogbo wọn látorí baba ńlá wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n ní rẹfirí ti jí.

Ìyá mi ní, “Ilé wọn lò ń lọ, sọ pé kò wọlé, kí o mú ìyàwó rẹ máa bọ̀.” Ọ̀rẹ́ mi kan ní, “Sọ pé ó wọlé, kí bàbá náà mọ̀ pé ọkùnrin ni ẹ́.” Kò sí ẹni tó bi mí ní ohun tí mo rí, àfi afẹ́sọ́nà mi. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní, “Kí lẹ rí?” Mo ní ojú bàbá rẹ̀ ni màá ti sọ ọ́. Ó ní, “Ó dáa. Èmi náà ò ní sọ ohun tí mo rí títí ẹ ó fi sọ tiyín.” Ọkàn mi ti pòrúurùu débi pé mi ò tiẹ̀ bi í pé kí ló rí.

Sátidé pé. Àwọn ẹbí mi ru iṣu, wọ́n ru iyọ̀, wọ́n ru oyin, a dé ilé àna. A dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní ká dìde, a tún dọ̀bálẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí agbábọ́ọ̀lù Lagbé àti àwọn àgbà Lagbé mẹ́ta tí wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbá ló ránṣẹ́ pè wọ́n. Aṣọ́lé jókòó sí òdì kejì. Òbúkọ ń ké lẹ́yìnkùlé. Kí wọ́n tó gba ẹrù kankan lọ́wọ́ wa, Bàbá gbọ́wọ́ sókè, gbogbo ilé dákẹ́.

“Bọ́ọ̀lù ọjọ́ Àìkú,” ó ní. “Ó wọlé, àbí kò wọlé?”

Mo wo ìyá mi, ó ń ṣẹ́jú sí mi. Mo wo Màmá, ó ti ń mi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tipẹ́. Mo rí i pé tí mo bá pàdánù ọmọ yìí, mi ò ní rí irú rẹ̀ mọ́. Mo tún rí i pé tí mo bá fi irọ́ gbà á, gbogbo ìgbà tí bàbá rẹ̀ bá ń wò mí, màá máa sá fún ojú rẹ̀.

Mo ní, “Bàbá, mi ò rí i.”

“O ò rí kí ni?”

“Mi ò rí bọ́ọ̀lù. Mi ò mọ̀ bóyá ó wọlé.”

“Ìwọ tí a pè kó o wá wò ó? Kí lò ń wò?”

“Ọmọ yín ni mò ń wò, Bàbá. Ó ń fi gèlè lé òbúkọ.” Ẹ̀rín bú láti igun kan, ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀rẹ̀, mi ò dúró mọ́. “Nígbà tí mo sì dọ̀bálẹ̀, Màmá ni mo dọ̀bálẹ̀ fún, kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Ara mi ló dá ẹjọ́ yẹn, kì í ṣe ojú mi. Ojú tì mí pé mi ò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Mo bẹ ẹ̀yin ará Lagbé, mo bẹ ẹ̀yin àna mi. Mi ò rí i.”

Bàbá fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀.

“Láti ọjọ́ Àìkú,” ó ní, “gbogbo Daagbé ló ti wá búra fún mi pé àwọn rí i, kò wọlé. Lagbé náà wá, wọ́n búra pé àwọn rí i, ó wọlé. Ẹni tó ń tọ̀ lẹ́yìn igi rí i. Ẹni tí kò wá sí pápá rárá, òun náà rí i.” Ó nawọ́ sí mi. “Ìwọ nìkan lo ní o ò rí i.” Ó yíjú sí àwọn ará ilé rẹ̀. “Ẹ gba ẹrù wọn.”

Omi bọ́ lójú mi. Kí n ní kò bọ́ ni? Ó bọ́. Ìyá mi pariwo ayọ̀, Màmá náà pariwo, agbábọ́ọ̀lù Lagbé fọn fèrè kan tó ti fi pamọ́ sápò gbọọrọ, gbogbo ilé wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Bàbá ní kí wọ́n pa òbúkọ, kí ìlú méjèèjì jọ jẹ ẹ́, torí pé òun kò rí ẹni tó lè dá ẹjọ́ rẹ̀. Wọ́n pa á. Àwọn kan wo inú rẹ̀ lóòótọ́. Wọn ò rí ìlà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ìyàwó jáde, pẹ̀lú aṣọ lórí. Àṣà wa ni pé yóò mú fìlà nínú ẹrù, yóò sì fi dé ọkọ rẹ̀ lórí lójú gbogbo èèyàn. Mo kúnlẹ̀. Ó mú fìlà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rọra ń dé e fún mi, ó sì gbé ẹnu sún mọ́ etí mi.

Ó ní, “Ó wọlé.”

Mo wo ojú rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ìṣísẹ̀ méjì péré ló wà láàárín òun àti òpó lọ́jọ́ náà, kò sí ohun tó bo ojú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó wá jẹ́rìí, kò dá a lóhùn. Kò sọ fún bàbá, kò sọ fún ìyá. Èmi ló fi pamọ́ dè. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti kúrò nílé bàbá rẹ̀, pé ìyàwó mi ló ń bá mi sọ̀rọ̀, àyà mi sì kún débi pé mi ò lè dìde.

Bàbá ti rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì. Kò sí ohun tí ọkùnrin yẹn kì í rí. “Kí ló sọ fún ọ?”

Mo ní, “Bàbá, ó ní fìlà náà bá mi mu.”

Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa nílé àna mi nìyẹn, kò sì tíì pé wákàtí kan tí wọ́n gba ẹrù mi nítorí òtítọ́. Lọ́jọ́ Ajé, mo tún alùpùpù agbábọ́ọ̀lù Lagbé ṣe látòkè délẹ̀, mo sì kọ̀ láti gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, torí pé mo jẹ ẹ́ ní góòlù kan. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo sọ fún un pé ìyàwó mi ló ní kí n ṣe é, òtítọ́ sì ni.